Orí Kẹjọ: Bàbà Tó Ń Gbé Iná Dé Ìdí Ẹ̀rọ

Bí mọ́tò ẹ̀rọ kan bá jóná ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìbáà jẹ́ ti ilé tí wọ́n ti ń rin ẹ̀gẹ́ tàbí ti ilé ìlagi, ṣọ́ọ̀bù rìwáídà, ẹni tó ń tún mọ́tò wé, ni wọ́n ń gbé e lọ. Ọ̀gá tó bá mọṣẹ́ kì í kọ́kọ́ bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Á tú nọ́ọ̀tì, á ṣí ìdérí méjèèjì, á fa ọ̀pá àárín jáde, á wá tan tọ́ọ̀ṣì sí kọ́ìlì tó yí inú rẹ̀ po. Bí gbogbo kọ́ìlì bá dúdú bákan náà yíká, ẹrù ló wọ mọ́tò náà lọ́rùn, tàbí kí iná tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rẹlẹ̀ jù. Bí apá kan bá dúdú kirikiri, tí apá kejì sì ń dán bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wé e, féèsì kan ló já lójú ọ̀nà, tí mọ́tò wá ń fi féèsì méjì ṣe iṣẹ́ mẹ́ta. Sítáà àti délítà ni ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà so kọ́ìlì pọ̀. Mọ́tò tí wọ́n so ní sítáà á jó kọ́ìlì féèsì méjì, á dá ọ̀kan sí. Èyí tí wọ́n so ní délítà á jó ẹyọ kan péré. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí pẹ́ ò nílò ẹlẹ́rìí.

Ìgbà náà ni iṣẹ́ ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á gé kọ́ìlì tó jó dànù, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dà á nù, wọ́n á ka iye ìgbà tí wáyà yí po nínú ojú ihò kan, wọ́n á sì fi géèjì wọn bó ṣe nípọn tó. Bí ìyípo bá dín, tàbí tí wáyà tuntun bá tín-ín-rín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mọ́tò ọ̀hún ò ní lágbára bí ti àtijọ́ mọ́. Kílò ni wọ́n fi ń ta wáyà ìwémọ́tò: bàbà tí wọ́n fi ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò. Wọ́n á tẹ́ bébà sínú ihò irin, wọ́n á to kọ́ìlì sí i, wọ́n á fi òwú dì í, wọ́n á da fánííṣì lé e, wọ́n á sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Oníǹkan á sanwó, á gbé mọ́tò rẹ̀ lọ. Kì í pẹ́ nígbà mìíràn tí mọ́tò kan náà fi ń padà wá pẹ̀lú òórùn jíjó kan náà, nítorí kò sẹ́ni tó yẹ wáyà tó ń gbé iná wá fún un wò.

“NEPA ló jó o” ni ẹjọ́ tó máa ń wà lẹ́nu onílé-iṣẹ́. Orúkọ NEPA ò tíì kúrò lẹ́nu ènìyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ iná ìjọba náà ti di PHCN láti 2005, tí ìjọba sì ti ta ẹ̀ka tó ń pín iná fún àwọn aládàáni ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2013, tí Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ fi bọ́ sábẹ́ IBEDC. Ẹ̀sùn náà kì í ṣe irọ́. Àáfù kọ́rẹ́ǹtì ń wọlé, féèsì ń já, gbogbo iná orílẹ̀-èdè pàápàá sì wó lulẹ̀ léraléra ní 2024. Ṣùgbọ́n láti orí mítà dé ìdí mọ́tò, ọ̀nà kan wà tí ilé-iṣẹ́ iná ò lọ́wọ́ sí. Onílé-iṣẹ́ ló fowó rẹ̀ rà á, oníwáyà tó pè ló tẹ́ ẹ. Ọ̀nà náà lè má ju ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà lọ, síbẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ agbára iná ti ń ṣègbé, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ iná ilé-iṣẹ́ tó ń sun ilé ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kí onílé-iṣẹ́ mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ ẹ̀rọ tó wà ní ìdí rẹ̀.

Kí a kọ́kọ́ wo ibi tí iná náà ti ń bọ̀. Omi Odò Ọya ń yí ẹ̀rọ ní Kaínjì láti 1968, ó sì ń yí òmíràn ní Jẹ́bà láti àárín àwọn ọdún 1980. Wáyà ńláńlá ń gbé iná wọn wá sí Gànmọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìlọrin àti sí Òṣogbo, níbi tí wọ́n ti ń ṣàkóso iná gbogbo Nàìjíríà, ní kílófóòtì 330. Láti irú ibùdó bẹ́ẹ̀, wọ́n á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí 132, lẹ́yìn náà sí 33, wọ́n á tún rẹ̀ ẹ́ sí 11, títí tí tiransifọ́mà àdúgbò á fi sọ ọ́ di fóòtì 415 láàárín féèsì sí féèsì, tàbí 230 láàárín féèsì kan àti nútírà.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń gbé e sókè tó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀? Ooru ni. Gbogbo wáyà ló ń dí iná lọ́wọ́ díẹ̀, díẹ̀ yẹn ló sì ń di ooru. Bí áńpù tó ń gba inú wáyà bá di ìlọ́po méjì, ooru á di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ó bá di ìlọ́po mẹ́ta, ooru á di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Mẹ́gáwáàtì mẹ́wàá tí wọ́n bá gbé ní kílófóòtì 33 á gba nǹkan bí áńpù 175. Bí wọ́n bá gbé iye kan náà ní kílófóòtì 11, ó di 525, ohun tó máa ṣègbé sínú wáyà kan náà á sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́sàn-án. Òfin yìí kò yí padà nígbà tí iná bá wọ ilé-iṣẹ́. Ó tún wá le sí i níbẹ̀, nítorí fóòtì ti kéré, áńpù ló pọ̀.

Wáyà orí òpó tí a ń rí láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ṣe bàbà. Àlùmíníọ̀mù ni púpọ̀ jù nínú rẹ̀, èyí tó sì ń lọ jìnnà máa ń ní irin nínú kó má baà sọ̀ jù. Àlùmíníọ̀mù fúyẹ́, owó rẹ̀ ò pọ̀, bí a bá sì fi kílò wọ̀n ọ́n, ó ń gbé iná tó bí ìlọ́po méjì ti bàbà. Òpó tó bá ru ohun tó fúyẹ́ lè jìnnà sí ara wọn. Nínú ilé-iṣẹ́, ìwọ̀n wáyà kì í ṣe ìṣòro ẹnikẹ́ni. Àyè ló há, ìsopọ̀ ló pọ̀, ara ẹ̀rọ sì ń gbọ̀n láti àárọ̀ dé alẹ́. Ibẹ̀ ni bàbà ti ń jọba.

Nínú gbogbo irin tí ènìyàn mọ̀, fàdákà nìkan ló ń gbé iná ju bàbà lọ, kò sì fi bẹ́ẹ̀ jù ú lọ. Bí a bá fún bàbà ní ọgọ́rùn-ún máàkì, fàdákà á gba nǹkan bí 105, wúrà á wà láàárín 70 sí 76, àlùmíníọ̀mù á gba 61, irin lásán ò sì ní ju nǹkan bí 17 lọ. Ní àkókò Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí bàbà wọ́n ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì yá fàdákà tó lé ní tọ́ọ̀nù 13,000 lọ́wọ́ ilé ìṣúra ìjọba, wọ́n fi ṣe kọ́ìlì ẹ̀rọ wọn ní Oak Ridge, wọ́n sì dá a padà nígbà tí wọ́n ṣe tán. Ìjọba tó lówó tó bẹ́ẹ̀ pàápàá ò rí ohun mìíràn fi dípò bàbà ju fàdákà lọ.

Ilẹ̀ Yorùbá ti mọ bàbà tipẹ́. Ìbòjú Ọbalùfọ̀n tó wá láti Ilé-Ifẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bàbà pátápátá, láìsí àdàlù, ó sì lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún tí wọ́n ti rọ ọ́. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ìrọ mọ̀ pé bàbà tí kò ní àdàlù nira láti yọ́ dà ju idẹ lọ, nítorí náà àwọn tó ṣe ìbòjú náà kì í ṣe ọmọ iṣẹ́. Fún oníná, àìní àdàlù yẹn gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún lè já máàkì bàbà láti ọgọ́rùn-ún sí nǹkan bí 80. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé-iṣẹ́ ní Chile, ní Zambia àti ní Kóńgò fi ń fi iná mànàmáná fọ bàbà títí tó fi mọ́ dé 99.99 nínú ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n tó tà á fún àwọn tó ń fà á di wáyà.

Èyí tó mọ́ jù láyé pàápàá á kùnà bí ó bá tín-ín-rín jù fún iṣẹ́ tí a gbé lé e lórí. Ká mú ilé-iṣẹ́ píọ̀ wọ́tà kan ní Ọ̀yọ́, irú èyí tó wà káàkiri láti Ọ̀wọ́dé dé Sábó. Kànga ẹ̀rọ wà lẹ́yìn ilé, àádọ́ta mítà sí ibi tí bíréékà wà. Ẹ̀rọ tó ń fa omi jẹ́ họ́ọ̀sì mẹ́ta, féèsì kan, ó sì ń gba nǹkan bí áńpù 16. Oníwáyà fi wáyà 1.5 (ìyẹn mílímítà onígun mẹ́rin 1.5) tẹ́ ẹ, nítorí òun ló wà nílẹ̀, òun ni owó rẹ̀ kéré. Iná ní láti lọ, kó tún padà, nítorí náà ọgọ́rùn-ún mítà ni bàbà tó ń gbà kọjá. Ìdènà inú ọgọ́rùn-ún mítà wáyà 1.5 jẹ́ nǹkan bí óòmù 1.15. Ẹ fi áńpù 16 lù ú, fóòtì 18 ló ti ṣègbé. Bí NEPA bá gbé 230 wá, 212 ló dé ìdí ẹ̀rọ; bí wọ́n bá gbé 195 wá, bó ti máa ń rí nírọ̀lẹ́, ẹ̀rọ á gba 177. Láàárín gbogbo ìyẹn, wáyà náà ń sun nǹkan bí 300 wáàtì sínú ògiri gẹ́gẹ́ bí ooru.

Ká ní wáyà 4 ló fi tẹ́ ẹ ni, fóòtì tó ń ṣègbé ò ní tó 7.

Owó tí wáyà 1.5 yẹn ń fi ṣòfò rọrùn láti ṣírò láti oṣù kẹrin 2024, nígbà tí àwọn tó wà ní Band A, tí ilé-iṣẹ́ iná gbọ́dọ̀ fún ní ogún wákàtí lójúmọ́ ó kéré tán, bẹ̀rẹ̀ sí san naira 225 lórí ẹyọ kan (kílówáàtì fún wákàtí kan) dípò 68. 300 wáàtì fún wákàtí mẹ́jọ jẹ́ ẹyọ 2.4. Naira 540 nìyẹn lójúmọ́ ní iye ìgbà náà, tí kò fa omi kankan, tí kò di ọ̀rá kankan. Láàárín ọdún kan, owó tí wáyà tín-ín-rín yẹn ń jẹ lè kọjá ohun tí onítọ̀hún rò pé òun rí fi pamọ́.

Owó nìkan kọ́ ni. Agbára tí mọ́tò fi ń yí kì í dín kù ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú fóòtì. Bí fóòtì bá fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún dín, agbára tó kù jẹ́ 81 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ó bá fi ogún dín, 64 péré ló kù. Ẹrù tó wà lọ́rùn mọ́tò kò dín kù. Mọ́tò á rọra yí, á máa fa áńpù sí i láti fi dí àlàfo náà, áńpù yẹn á sì tún dín fóòtì kù sí i nínú wáyà. Ẹ̀fọ́rí ni èyí fún ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́, nítorí obìnrin tó ń da ẹ̀gẹ́ sí i kì í mọ̀ pé iná ti wálẹ̀. Ohun tó rí ni pé ẹ̀rọ ò yára, á sì túbọ̀ tì í wọlé.

Ìgbà tó le jù ni ìgbà tí mọ́tò ń dìde. Mọ́tò họ́ọ̀sì ogún, féèsì mẹ́ta, ń gba nǹkan bí áńpù 27 nígbà tó bá ń sáré. Ní ìṣẹ́jú àáyá tí wọ́n kọ́kọ́ tan án, bí wọ́n bá kàn so ó mọ́ iná tààrà, ó lè gba ìlọ́po mẹ́fà, ìyẹn ju 160 lọ. Gbogbo gílóòbù ilé á ṣẹ́jú, bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn aládùúgbò tó wà lórí tiransifọ́mà kan náà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lo sítáà-délítà: ó ń fi sítáà gbé mọ́tò dìde pẹ̀lú ìdá mẹ́ta áńpù yẹn, nígbà tó bá ti ń sáré, ó yí i sí délítà. Ṣùgbọ́n agbára ìdìde náà di ìdá mẹ́ta pẹ̀lú. Ẹ̀rọ tí ẹ̀gẹ́ tàbí igi ti kún ẹnu rẹ̀ ò ní dìde lórí sítáà, á kàn máa kùn níbẹ̀ títí kọ́ìlì á fi gbóná. Kí wọ́n kó ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó tan án: ohun kékeré nìyẹn, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ mọ́tò là.

Ooru ní ìwà kan tí ojú ò lè rí. Àwọn tó ń ṣe mọ́tò mọ̀ pé bí ooru inú kọ́ìlì bá fi ìdíwọ̀n Celsius mẹ́wàá kọjá ibi tó yẹ, ọjọ́ ayé ọ̀dà tó bò ó á dín kù sí ìdajì. Mọ́tò tó yẹ kó lo ọdún mẹ́wàá á lo márùn-ún. Bí ó bá tún fi mẹ́wàá kún un, ọdún méjì àbọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni rọ́bà wáyà. PVC lásán ò gbọ́dọ̀ kọjá ìdíwọ̀n 70, XLPE sì lè dé 90. Ìwé tí àwọn oníná fi ń mọ iye áńpù tí wáyà kan lè gbé sì kà á sí pé atẹ́gùn tó yí wáyà náà ká wà ní ìdíwọ̀n 30. Ta ló ti rí 30 lábẹ́ páànù ilé-iṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́sàn-án oṣù kẹta? Ní 40, wáyà PVC yẹn ò lè gbé ju 87 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà nínú ìwé lọ. Ní 50, ó di 71. Bí wọ́n bá tún rọ́ wáyà mẹ́fà tàbí méje sínú páìpù kan ṣoṣo, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fi ooru tirẹ̀ kún ti èkejì, ó tún wálẹ̀ sí i.

Iṣẹ́ bíréékà àti fíùsì ni láti dáàbò bo wáyà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ̀rọ ni wọ́n wà fún. Bí wáyà bá lè gbé áńpù 20, tí wọ́n fi bíréékà 63 sí i nítorí pé èyí tó kéré ń já ṣáá, wáyà fúnra rẹ̀ ló ti di fíùsì báyìí, inú ògiri tàbí inú àjà ló sì máa ti jó. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá yọ fíùsì tó já, tí wọ́n fi ọ̀já wáyà mẹ́ta mẹ́rin dì í. Mọ́tò ní aláàbò tirẹ̀: ofalóòdù tí wọ́n yí sí iye áńpù tó wà lára mọ́tò gan-an, àti ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ṣọ́ féèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tó ń pa mọ́tò bí ọ̀kan bá já. Owó tí wọ́n fi ń ra ẹ̀rọ aṣọ́féèsì yìí kò tó owó tí wọ́n ń fi wé mọ́tò ńlá lẹ́ẹ̀kan. Kò yẹ kí ilé-iṣẹ́ tó ń lo féèsì mẹ́ta ní ìlú tí féèsì ti ń já tó báyìí wà láìní in.

Ibi tí àlùmíníọ̀mù bá ti pàdé bàbà tún ń fẹ́ ìrònú lọ́tọ̀. Wáyà tó ti orí òpó wá jẹ́ àlùmíníọ̀mù, ti inú ilé jẹ́ bàbà. Àlùmíníọ̀mù ní awọ fẹ́lẹ́ kan tó ń hù sára rẹ̀ nígbà tí atẹ́gùn bá kàn án, awọ yẹn kì í gbé iná. Bí ó bá gbóná, ó ń fẹ̀ ju bàbà lọ. Bí ó bá tutù, ó ń súnkì jù ú lọ. Bó ṣe ń gbóná, tó ń tutù lójoojúmọ́, ìsopọ̀ á máa tú díẹ̀díẹ̀. Tí omi bá wá kàn án, irin méjèèjì á máa jẹ ara wọn, àlùmíníọ̀mù ló sì ń parun. Ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàárì àti láfún, omi ẹ̀gẹ́ tó ti kan wà nílẹ̀, ó sì wà lára ògiri. Ìsopọ̀ tó lè lo ọdún púpọ̀ níbi gbígbẹ kì í pẹ́ níbẹ̀.

Amẹ́ríkà kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lọ́nà tó gbówó lórí. Láàárín 1965 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, bàbà wọ́n, wọ́n sì fi wáyà àlùmíníọ̀mù kọ́ ọ̀pọ̀ ilé. Nígbà tí iná bẹ̀rẹ̀ sí sun ilé, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ààbò ọjà ṣèwádìí, wọ́n sì rí i pé ilé tí wọ́n fi wáyà àlùmíníọ̀mù tó ti ṣáájú 1972 ṣe ṣeé ṣe ní ìlọ́po 55 kó ní ìsopọ̀ tó gbóná dé ibi tó lè dá iná sílẹ̀, ju èyí tí wọ́n fi bàbà ṣe lọ. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìsopọ̀ ni wọ́n dárúkọ. Àárín wáyà kì í sábà jó. Ẹnu rẹ̀ ni, níbi tí wọ́n ti fi ọwọ́ lọ́ ọ pọ̀ tí wọ́n fi téèpù dì í, tàbí níbi sùkúrúù tí ẹnìkan kò fún le. Ohun tó yẹ níbi tí àlùmíníọ̀mù ti pàdé bàbà ni lọ́ọ̀gì onírin méjì, tí apá kan rẹ̀ jẹ́ àlùmíníọ̀mù tí apá kejì jẹ́ bàbà, tí wọ́n fi ẹ̀rọ ìfúnpọ̀ fún pinpin.

Ewu tí Amẹ́ríkà sá fún ti ń wọ Nàìjíríà láti ẹ̀yìnkùlé. Wáyà kan wà lọ́jà tó jẹ́ àlùmíníọ̀mù nínú, tí wọ́n fi bàbà fẹ́lẹ́ bò lára. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń dán, wọ́n kọ 2.5 sí i lára. Ẹni tó bá rà á rò pé òun ra bàbà. Ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà mọ̀ ọ́n kò le. Kí ó fi ọ̀bẹ fá ara ọ̀já kan: bàbà gidi á pọ́n dé inú, ayédèrú á funfun. Ọ̀nà kejì ni òṣùwọ̀n. Bàbà tó wà nínú ọgọ́rùn-ún mítà wáyà 2.5 gbọ́dọ̀ wọn nǹkan bí kílò 2.2 láìka rọ́bà. Ayédèrú yẹn ò ní ju nǹkan bí kílò kan lọ. Mítà mẹ́wàá tí wọ́n bó rọ́bà rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọn nǹkan bí gíráàmù 220 lórí òṣùwọ̀n alágbẹ̀dẹ wúrà. Ẹ̀tàn kejì jẹ́ bàbà gidi tí wọ́n fà tín-ín-rín: wáyà 2.5 ọlọ́já méje gbọ́dọ̀ ní ọ̀já tó tó mílímítà 0.67 ní ìnípọn, géèjì rìwáídà á sì sọ òótọ́ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Kì í ṣe pé wáyà gidi ò sí ní ilẹ̀ wa. Cutix, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1982, ń ṣe wáyà ní Nnewi, Coleman ń ṣe é ní Àrẹ́pò ní ìpínlẹ̀ Ògùn, Ìbàdàn pàápàá ní ilé-iṣẹ́ wáyà tirẹ̀ nígbà kan. Àwọn tó mọṣẹ́ ní ilẹ̀ yìí máa ń sọ pé kébù jẹ́ ọ̀kan nínú ohun díẹ̀ tí Nàìjíríà ń ṣe tó lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ibikíbi láyé, òótọ́ sì ni. SON ni àjọ tó ń ṣe ìwọ̀n tí wáyà gbọ́dọ̀ tẹ̀lé, NEMSA, tí òfin 2015 fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀, ló sì ní àṣẹ láti yẹ iṣẹ́ iná wò kí wọ́n tó so ó mọ́ òpó. Òṣìṣẹ́ ìjọba ò lè wà nínú gbogbo ṣọ́ọ̀bù ní Tákìé àti Akẹ̀sán ní gbogbo ìgbà. Ọ̀bẹ àti òṣùwọ̀n lè wà níbẹ̀.

Wáyà kan tún wà tí ọ̀pọ̀ onílé-iṣẹ́ kà sí àṣedànù, nítorí kì í gbé iná kankan ní ọjọ́ tí gbogbo nǹkan bá lọ déédéé. Wáyà ilẹ̀ ni. Bí rọ́bà wáyà bá bó nínú mọ́tò, tí bàbà wá kan ara irin rẹ̀, wáyà ilẹ̀ ló yẹ kó gbé iná náà lọ kí bíréékà lè já. Oníná á ri ọ̀pá bàbà mọ́lẹ̀, á kó èédú àti iyọ̀ sí i lẹ́sẹ̀, á da omi sí i. Ní oṣù keje, nígbà tí ilẹ̀ rin, ó dára. Ní oṣù kìíní, nígbà tí ọyẹ́ ti gbẹ ilẹ̀ pátápátá, ìdènà ilẹ̀ yẹn lè lọ sókè gidigidi. Ká ní ó dé óòmù 20: iná tó máa gba ibẹ̀ kọjá jẹ́ 230 tí a fi 20 pín, áńpù 11.5. Bíréékà 32 ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ara ẹ̀rọ á máa gbé iná níbẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́, lórí ilẹ̀ tútù, láàárín àwọn tó wọ sálúbàtà tó rin.

Áńpù tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá lè da ọkàn ènìyàn rú títí yóò fi dá. Nítorí náà ni ilé-iṣẹ́ omi àti ilé gàárì fi nílò irú bíréékà tó ń fi iná tó jáde wé èyí tó padà wálé, tó sì ń já bí ìyàtọ̀ bá ti dé 30 mílíáńpù. Ìyẹn kì í dúró de ilẹ̀ kó rin. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó ń di omi sínú ọ̀rá àti àwọn ìyá tó ń rin ẹ̀gẹ́ kò ra wáyà, wọn ò sì yan oníwáyà, àmọ́ ara wọn ló wà lórí ilẹ̀ tútù náà. Ẹni tó gbà wọ́n síṣẹ́ ló jẹ wọ́n ní gbèsè bíréékà yìí.

Ká tún wo jẹnẹrétọ̀, tí kò sí ilé-iṣẹ́ tó lè ṣe láìní in ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Bí iná bá lọ, wọ́n á yí chénjí-óvà. Nútírà ni kí wọ́n ṣọ́ níbẹ̀. Bí ìsopọ̀ nútírà bá tú nínú àpótí chénjí-óvà, àwọn ohun tó ń lo féèsì kan ò ní ibi tí iná wọn máa gbà padà mọ́, wọ́n á bá ara wọn pín 415 tó wà láàárín féèsì sí féèsì, tí ìpín wọn ò sì ní dọ́gba. Fíríìjì kan á gba 120, kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì á gba 295, gílóòbù á mọ́lẹ̀ rekete kó tó bẹ́. Àwọn ènìyàn á ní NEPA gbé iná ńlá wá, bẹ́ẹ̀ sùkúrúù kan ló tú.

Àyẹ̀wò ló wá kù. Ẹ̀rọ mẹ́gà tí oníná tó péye máa ń gbé lọ́wọ́ ń fi fóòtì 500 yẹ rọ́bà wáyà wò nígbà tí wọ́n bá ti pa gbogbo iná. Kò gbọ́dọ̀ fi ohun tó kéré sí mẹ́gáóòmù kan hàn. Ọjọ́ tí wọ́n tẹ́ wáyà tuntun ni kí wọ́n ti kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì tún un wọ̀n lọ́dọọdún lẹ́yìn òjò. Wáyà tó fi mẹ́gáóòmù 200 hàn lọ́dún àkọ́kọ́, tó di 40 lọ́dún kejì, tó wá di 5 lọ́dún kẹta ṣì wà láàyè lójú òfin, iná sì ń gbà á kọjá. Omi ti ń wọ ibì kan nínú rẹ̀, láàárín bíréékà àti mọ́tò, wọ́n sì ṣì ní àkókò láti tọ̀ ọ́ láti ìsopọ̀ dé ìsopọ̀ kó tó dé 1.